Fanny Crosby, afọ́jú tó kọ orin tó wà lẹ́nu gbogbo wa: níbo ni orin rẹ̀ ti bá ẹ̀yin?

Àdùkẹ́ Alto

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú alẹ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu láti Sátidé, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. A lọ kí màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú, ìyá ìyá mi ni, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, glaucoma sì ti gba ojú wọn méjèèjì ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó di àdúrà alẹ́ wọ́n ní kí n dá orin, èmi alto, èmi ọmọ kúáyà, mo ní ká kọ "Máṣe kọjá mi Olùgbàlà", mo ṣí i lórí fóònù, a kọ ẹsẹ kìíní, bí mo ṣe ní kí n fi ìka fà á sísàlẹ̀ báyìí ni fóònù kú. Bátìrì. Mo wá ní ká tún ẹsẹ kìíní kọ, ojú ti ń tì mí díẹ̀. Màmá ní "kí ló dé tá a fi ń padà sẹ́yìn?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin náà fún wa, wọ́n á pe ìlà kan, àá kọ ọ́, wọ́n á tún pe ìkejì, àá kọ ọ́, títí orin fi tán, wọn ò fo ẹsẹ kankan, àwọn ọmọ àbúrò mi tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí kàn la ẹnu sílẹ̀ ni.

Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn, torí màmá ò jókòó sílé ìwé lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, àwọn tó mọ̀wé kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ò ju ìka ọwọ́ lọ, kàtíkíìsì ló máa ń dúró níwájú táá máa pe orin fún ìjọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò mọ̀ ọ́n, olódo ni. (Ọ̀rọ̀ màmá nìyẹn o, kì í ṣe tèmi.)

Ìgbà tí mo délé ni mo wá ẹni tó ni orin yẹn lórí Google, torí ìwé orin ilé wa ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ gbọ́, obìnrin ni. Afọ́jú sì ni. Frances Jane Crosby, Fanny ni wọ́n ń pè é, March 24, 1820 ni wọ́n bí i ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Southeast ní ìpínlẹ̀ New York. Kò tíì pé oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ ojú fi dé, kò tíì pé ọdún kan tí bàbá rẹ̀ fi kú, ìyá rẹ̀ wá lọ ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé, ìyá ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Eunice ló jókòó tì í. Ìyá àgbà yìí ló ń fi ẹnu ya ayé fún un: bí oòrùn ṣe ń wọ̀, bí ewé igi yìí ṣe yàtọ̀ sí tìyẹn, irú ẹyẹ tó ń ké. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbélé, Mrs. Hawley, ló tún ń ka Bíbélì sí i létí, ọmọ náà ń há a sórí. Kó tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwé Mósè márààrún, ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Òwe, Orin Sólómọ́nì, àti Sáàmù rẹpẹtẹ ló ti wà lórí ẹ̀. Ìyá àgbà kan, ọmọ kan, kò sí ìwé láàárín wọn. Mo dákẹ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó máa ka ìyókù lọ.

Orí náà ló sì fi ń kọ orin nígbà tó dàgbà. Kì í mú bírò. Á jókòó, á di ìwé kékeré kan mú bí ẹni tó fẹ́ kà á, á to orin náà sínú orí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó bá ti tò ó tán ló máa pe ẹnì kan pé kó wá bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Orin tó kọ báyẹn lé ní 8,000.

Ẹ wá sọ tiyín. Èyí tá a mọ̀ jù lédè wa ni Máṣe kọjá mi, Láìfòyà l'ápá Jésù, Ògo ni f'Olúwa, Yọ àwọn tí ń ṣègbé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn kọ "Àmín" sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ o, ìtàn ni mo fẹ́.

Ìyá Ìbejì Agége

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ti yára fo ọ̀rọ̀ ojú yẹn jù, ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ wa lọ́jọ́ ìwàásù, pé nígbà tí ojú ọmọ náà pọ́n, dókítà àdúgbò wọn ò sí nílé, ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ló wá lọ músítádì tó gbóná, ó di í lé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lójú. Músítádì! Nígbà táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bínú ó fẹsẹ̀ fẹ, wọn ò rí i mọ́. Lóòótọ́ mo kà á níbì kan pé àwọn dókítà òde òní kan ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí i náà nìyẹn, pé wọn ò kàn tètè fura ni, ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀, ọkùnrin onímúsítádì yẹn ni wọ́n mọ̀.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìwàásù yẹn òógùn bò mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí ni pé nígbà tí Kẹ́hìndé mi wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ipin dí ojú ẹ̀ pa, ó wú, gbogbo ilé wá di dókítà. Aládùúgbò kan ní kí n fún ọmú sí i. Ẹlòmíì ní ìtọ̀ àárọ̀, ìtọ̀ ọmọ náà gan-an o. Ìyá tó ń ta àgbo ní ẹnu ọ̀nà gbé ìgò kan wá tó ní "ẹ̀kán méjì péré", bí mo ṣe ṣí i ó ta mí nímú. Èmi tí ọkàn mi ti pòrúúruù, mo ti gbé ọmọ lé itan, mo ti ṣí ìgò. Ohun tó gbà wá ò jẹ́ nǹkan ọgbọ́n rárá, Táíwò ló fi ẹsẹ̀ gbá ìgò yẹn nù lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dà sórí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, ibi tó dà sí yẹn, àwọ̀ ẹ̀ ṣí. Mo gbé ọmọ mi dìde lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gún wọn lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì wò ó, wọ́n fún wa lóògùn ojú, ọjọ́ karùn-ún ojú ti là.

Tí wọ́n bá ti dá orin obìnrin yẹn báyìí, ìgò yẹn ni mo máa ń rí.

Atẹdùùrù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi nǹkan síbi tó yẹ ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ti Fanny, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló kọ, ẹlòmíì ló ni ohùn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Àdùkẹ́ dárúkọ yẹn, William Doane ló ni ohùn wọn, oníṣòwò kan ní Cincinnati tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ ìlàgi, ó ń ṣe orin mọ́ ọn. Ní 1868, Doane yà sọ́dọ̀ Fanny ní New York, ó ní ohùn kan wà lọ́wọ́ òun, reluwé òun máa gbéra ní ìṣẹ́jú 40 sí i, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ sí i. Ó tẹ ohùn náà fún un. Fanny ní òun ti gbọ́ ohun tó ń sọ, ó lọ sí yàrá, ìgbà tó máa jáde Láìfòyà l'ápá Jésù ti wà nílẹ̀, Doane sì bá reluwé ẹ̀. Ìṣẹ́jú 40! Kúáyà tiwa lo oṣù méjì gbáko lórí àwọ̀ aṣọ ìkórè.

Ìrírí tèmi rèé. Mo ti tẹ dùùrù fún ọdún mọ́kàndínlógún, Láìfòyà yẹn mo lè fi ojú dídì tẹ̀ ẹ́ torí kò sí ìsìnkú tí wọn ò ní dá a. Ọdún kan wọ́n pè mí sí ìsìnkú kan ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ gbé kíbọ́ọ̀dù wá, pé ti ìjọ wà. Èmi ò mọ̀ pé àwọn onífújì ló yá kíbọ́ọ̀dù yẹn lò lálẹ́ àìsùn, wọ́n ti fi bọ́tìnì gbé ohùn ẹ̀ sókè, wọn ò sì dá a padà. Mo tẹ Láìfòyà bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ohùn tó jáde ga ju òrùlé lọ, ìjọ tẹ̀ lé mi, wọ́n ń han, ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn tó ń kọ tenor kàn jókòó. Kí n tó wá ibi tí bọ́tìnì yẹn wà, jẹnẹrétọ̀ náà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyẹn ló wá yọ gbogbo wa. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n wà níwájú gba orin náà lẹ́nu wa, ẹ̀yin èèyàn mi, wọn ò kọ ọ́ bí Doane ṣe kọ ọ́ mọ́. Wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ohùn wọn ń wálẹ̀, ibi tó ti gòkè, wọ́n ń gòkè, wọ́n fà á bíi ègè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohun tí orin yẹn ń sọ nìyẹn, lẹ́yìn tí mo ti tẹ̀ ẹ́ bí igba ìgbà.

Torí òótọ́ ibẹ̀ nìyí, ohùn Òyìnbó ò bìkítà fún àmì ohùn wa. Á gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó rẹlẹ̀, "ọkọ̀" á di "ọkọ́" lẹ́nu ìjọ, kò sì sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ torí ó ti mọ́ wa lára. Àwọn tó túmọ̀ orin yẹn fi tipátipá ki Yorùbá bọ inú ohùn tó ti wà nílẹ̀ ni, ìdí ẹ̀ tí ìwé orin wa fi kún fún l'ápá, f'Olúwa, 'gbà tí, gígé lọ́tùn-ún gígé lósì. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́. Bàbá Ẹkúndayọ̀ Phillips tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ ní Marina kọ ìwé lé orin Yorùbá lórí ní 1953, bí ohùn orin ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọ orin tiwa-n-tiwa ṣáájú ìyẹn, títí tí wọ́n fi gba ohùn wọn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Fanny náà ń ki ọ̀rọ̀ bọ ohùn tó wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Òyìnbó ò lámì ohùn bíi tiwa, iṣẹ́ tiẹ̀ rọrùn díẹ̀.

Mowàńbí

Mi kì í sọ̀rọ̀ níbí, mo kàn máa ń ka tiyín lọ ni.

Láìfòyà yẹn, mo kórìíra ẹ̀ fún ọdún méjì. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí, ọmọ oṣù mẹ́rin. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ, àwọn ọkùnrin ẹbí ló gbé e lọ, wọn ò sọ ibi tí wọ́n gbé e sí fún mi títí dòní, èmi náà ò bèèrè. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá wá, wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n dá Láìfòyà. Inú bí mi débi pé mo dìde mo lọ sí kíṣìnnì mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Láìfòyà kẹ̀, ta ló ń fòyà, ọmọ oṣù mẹ́rin mọ ẹ̀rù ni? Èmi tí mo ń bẹ̀rù wọn ò kọrin fún mi. Látìgbà yẹn tí wọ́n bá ti dá a ní ṣọ́ọ̀ṣì mo máa ń jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí oorun ò wá, mo ń fi ọwọ́ tẹ fóònù kiri, ni mo bá kà á pé Fanny fẹ́ ọkùnrin kan tí òun náà fọ́jú, Alexander van Alstyne, olórin ni, 1858 ni wọ́n ṣe é. Wọ́n bí ọmọ kan. Ọmọ náà kú ní kékeré. Obìnrin yẹn sì wà láyé títí tó fi ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 95, ó kọ orin lé ní 8,000, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, kì í sábà dárúkọ ọmọ yẹn. Orin tó fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú, Láìfòyà ni.

Mo ní ahà. Wọ́n ti sọ fún òun náà pé agbè ò fọ́.

Mo ti ń kọ ọ́ báyìí. Ẹsẹ kìíní nìkan sha.

Ìyá Ìbejì Agége

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní sọ ti agbè.

Àdùkẹ́ Alto

Ẹ kú ìrọ́jú ma. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́.

Ọ̀pá Funfun

Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tutù, ṣùgbọ́n èmi ní láti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Láti praímárì fáìfù ni mi ò ti ríran mọ́, fóònù ló ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ sí mi létí (tẹ́ ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pe "Atẹdùùrù" ẹ máa bá mi sunkún). Kí n sọ òótọ́, orúkọ obìnrin yìí ti sú mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo bá wọ̀, ẹnì kan á di ọwọ́ mi mú pinpin á ní "bùrọ̀dá, ẹ wo Fanny Crosby", bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n á wá ní kí n wá fi orin yin Olúwa. Èmi ò mọ orin kọ! Ohùn mi dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí láti 1987. Ọjọ́ kan wọ́n gbé maíkì lé mi lọ́wọ́ tipátipá, mo ní kò burú, mo kọ Ògo ni f'Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú ègbè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò tún gbé e fún mi mọ́ títí mo fi kúrò ládùúgbò yẹn.

Tísà ni mí, ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, ìyẹn ló jẹ́ kí n wá lọ ka nípa ẹ̀ fúnra mi, kí n lè mọ ohun tí màá fi dá wọn lóhùn. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi ń tù mí nínú. Ní 1835 ló wọ ilé ìwé àwọn afọ́jú ní New York. Ó kórìíra ìṣirò débi pé ó fi í kọ ewì ẹ̀sín. Ó padà di tísà níbẹ̀ láti 1847 sí 1858, gírámà àti ìtàn ló ń kọ́ wọn, ẹ gbọ́, ìtàn! Ní 1843 ó bá àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn lọ sí Washington, wọ́n lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà láti fi hàn pé afọ́jú ṣeé kọ́ níwèé, ó dúró ka ewì fún wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ìwé ewì ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní New York ní 1849, tí ẹni tó lè sá ń sá, ó dúró tọ́jú àwọn aláìsàn. Gbogbo èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn fún àwọn oníwèé orin o, 1864 nìyẹn, ó ti lé ní ogójì ọdún. Kí ló dé tí wọn kì í fi sọ èyí fún mi tí wọ́n bá di ọwọ́ mi mú?

Ohun tí mi ò gbà fún un ni ibi tó ti ní tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ la ojú òun lọ́la òun ò ní gbà. Ẹ̀gbọ́n Fanny, ìyẹn tiyín. Ẹni tó bá mọ dókítà yẹn kó bá mi gba nọ́ńbà ẹ̀.

Olórin Ìta

😂😂 Bọ̀dá Ọ̀pá Funfun ẹ ti pa mí.

Tèmi ò gùn. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń san fún un lórí orin kan? Dọ́là kan, dọ́là méjì. Ẹni tó bá ti ra ọ̀rọ̀ yẹn ló ni ín, ó parí. Ilé iṣẹ́ Biglow and Main ń retí orin mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀, ìwé orin wọn wá kún fún tiẹ̀ débi pé wọ́n ní láti máa fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sábẹ́ ẹ̀ kó má dà bíi pé ẹnì kan ló kọ gbogbo rẹ̀, orúkọ bíi 200! Àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Manhattan ló ń gbé, èyí tó bá sì rí, ó ń pín in fún àwọn tí ò ní. Ibi tí wọ́n ti ń wàásù fún àwọn ọ̀mùtí ní Bowery ló máa ń lọ, ibẹ̀ ni Yọ àwọn tí ń ṣègbé ti wá ní 1869.

Èmi náà ta orin mi kan fún ọ̀gá kan tó ń ta CD, ó sanwó lẹ́ẹ̀kan, mo buwọ́ lùwé mi ò kà á dópin, mo fi owó yẹn san owó ilé oṣù mẹ́rin. Oṣù karùn-ún mo wọ dánfó ní Ọ̀ṣòdì, orin mi ń dún nínú ẹ̀, kọ̀ńdọ́ mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀, ó tún wá ń bá mi jà torí ṣéńjì náírà àádọ́ta. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni. Mi ò sọ.

Wọ́n ní Fanny ò ráhùn rí. Mo gbọ́. Èmi ń ráhùn.

Atẹdùùrù

Kẹ́ ẹ tó sùn, obìnrin kejì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tẹ́ ẹ ò tíì dárúkọ, orin tá a sì ń kọ lédè Òyìnbó jù nínú gbogbo tiẹ̀, Blessed Assurance, obìnrin yẹn ló ni ohùn ẹ̀. Phoebe Knapp. Olówó ni, ọkọ ẹ̀ ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì Metropolitan Life. Ní 1873 ó tẹ ohùn tuntun kan fún Fanny, ó bi í pé "kí lohùn yìí ń sọ?", Fanny dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú ìlà àkọ́kọ́ orin yẹn. Ẹ rò ó wò, ìyàwó olówó jókòó sídìí dùùrù, ìyàwó tísà tó fọ́jú dúró tì í, àwọn méjì ló ṣe é, kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Bí mo bá ti ní kí àwọn obìnrin kúáyà wa kọ ọ́ láwọn nìkan, àwọn bass á máa bínú. Kí wọ́n máa bínú lọ.

Nọ́ọ̀sì Connecticut

Ẹ kú ìjókòó o. Alẹ́ ni mo ti ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní pẹ́. Bridgeport ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni Fanny lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ obìnrin, ibẹ̀ ló kú sí ní February 12, 1915. Ọdún méje ni mo ti fi ń gba iwájú itẹ́ òkú yẹn lọ síbi iṣẹ́, Mountain Grove, mi ò mọ̀. Obìnrin arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ló sọ fún mi lọ́jọ́ tó gbọ́ tí mò ń kọ Máṣe kọjá mi bí mo ṣe ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, ó dá ohùn yẹn mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lédè tiẹ̀, àwa méjèèjì kọ ọ́ parí.

Ọjọ́ ọ̀fì mi mo lọ. Ti P. T. Barnum oníṣákọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òkúta ńlá, ẹ ò lè ṣì í. Ti Fanny, mo kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òkúta kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀, "Aunt Fanny" ni wọ́n kọ sí i àti ọ̀rọ̀ tó wà nínú Máàkù orí 14, "ó ṣe èyí tí ó lè ṣe". Ìgbà tó di 1955 ni wọ́n tó gbé òkúta ńlá kan wá síbẹ̀. Òtútù mú, mo ti ń rò ó pé màá kọrin nígbà tí mo bá débẹ̀, kò wá, mo kàn dúró. Mo fi ọwọ́ pa yìnyín kúrò lórí òkúta kékeré yẹn, mo bá tèmi lọ. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Àdùkẹ́ Alto

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo padà lọ sí Ìjẹ̀bú lópin ọ̀sẹ̀ yìí, mo ka gbogbo tiyín fún màmá látòkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Bọ̀dá Ọ̀pá Funfun títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ní kí n sọ fún un pé tí dókítà yẹn bá wà, àwọn lẹnì kejì lórí ìlà. Ti Mowàńbí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa itan wọn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí nígbà tí mo kà á tán. "Ta ló ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo ní oríṣiríṣi èèyàn ni, àti pé nílé ìwé àwọn afọ́jú yẹn, ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ ní 1853, Grover Cleveland, ó máa ń bá a kọ ewì rẹ̀ sílẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, ọmọkùnrin yẹn ló padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, ó tiẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ní "hẹn, ààrẹ." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún ní "ìwọ náà yunifásítì lo lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ma.

Wọ́n ní orin kan wà tí àwọn máa ń kọ nígbà tí ojú ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ló ni ín, àwọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, àwọn ò sì kọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni rí. Ẹsẹ mẹ́fà. Mo ní kí n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní rárá, fóònù tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́sí? Kí n lọ mú ìwé. Ìlà àkọ́kọ́ nìyí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó fi síbí:

"Ẹni tó dá ojú kò gbàgbé ọ̀nà mi."

Ẹsẹ kẹta la wà báyìí, wọ́n ń pè é mò ń kọ ọ́, wọ́n sì ti bá mi wí lẹ́ẹ̀mejì pé mo lọ́ra.